Ìpẹ́ Inú Kẹ́tù

Ọdún tí a kó dé Ológunẹ̀rú,
Àlàmú ní òun ò ní í dúró de omi Ẹlẹ́yẹlé mọ́,
omi tí í wá lóru bí olè,
tí í lọ kí korobá tó kún.
Ó pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ.
Wọ́n lu àpáta fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko,
gbogbo abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n,
adìẹ aládùúgbò kọ̀, kò yé mọ́.
Lọ́jọ́ kẹrin, omi tú jáde.
Ó mọ́ gaara. Ó tutù wọ eyín.
Àlàmú bu ún sí gíláàsì, ó gbé e sókè sí oòrùn,
ó ní, "Ìyá Fadérera, wò ó dáadáa,
ṣé o rí nǹkan kan níbẹ̀?"
N ò rí nǹkan kan.
Ojú mi ṣì dára nígbà náà.

Ọṣẹ ló kọ́kọ́ mọ̀.
Mo fi pa aṣọ, mo gbo ó, mo gbo ó,
kò hó. Ó kàn dì bí ògì tó bàjẹ́ sí etí báfù.
Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ń pọ́n bí eyín àgbà,
táwẹ̀lì gan bí awọ tí a sá sóòrùn,
ẹ̀wà tí a gbé kaná láti aago mẹ́ta,
ilẹ̀ ṣú, ó ṣì ń bá eyín jà.
Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí Fadérera rà fún wa
lo ọdún kan àti oṣù méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.
Ihò ṣáwà dí lọ́kọ̀ọ̀kan,
omi ń ta sí ògiri, ó ń ta sí àjà,
ó ń ta síbi gbogbo àfi ara ẹni tó ń wẹ̀.
Áyọ́ọ̀nù tu itọ́ funfun sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì
ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àlàmú fẹ́ lọ gba owó ìfẹ̀yìntì.
Kẹ́tù ló wá burú jù.
Ó ń han bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá,
ó sì ń hu ìpẹ́ nínú bí ẹja.

Ṣùàrá atúnnáṣe fi ọ̀bẹ ha ikùn rẹ̀,
èèpá funfun wó jáde, ó kún àtẹ́lẹwọ́.
Mo ní, "Ṣé ẹfun ni?"
Ó ní, "Màmá, òkúta ni.
Òkúta tí ẹ lu nísàlẹ̀ ilé yín,
ó ń yòrò sómi, ó ń bá páìpù gòkè,
ibi tó bá ti pàdé iná, ibẹ̀ ló ń jókòó sí."
Ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.
Ó ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.
Mo ṣe é. Ó hó ṣùù bí ẹni tí a bú nílé àna.

Mo sọ fún Àlàmú. Inú bí i.
Ó ní owó ni Ṣùàrá ń wá.
Ó bu omi, ó mu ún tán níṣojú mi,
ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó bọ́ sóde.
Ta ni í gbẹ́ kànga tán
tí í jókòó tì í bú u?

Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tó ti lọ.
Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lánàá. Mo gbé báfù sábẹ́ páànù,
mo fi ọṣẹ kan omi òjò,
yéè! ìfófòó bò mí dé ìgùnpá.
Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, bí ọmọdé.
Mo fọ gbogbo síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní,
mo sá wọn tán kí n tó rántí
pé kò sí ẹni tí yóò wọ̀ wọ́n.

Fadérera ń pè lórí fóònù,
ó ní ẹ̀rọ kan wà tí í mú omi rọ̀,
òun á fowó ránṣẹ́. Mo ní kó ṣe sùúrù.
N kì í fi ọsàn sí kẹ́tù mọ́.
Bí mo bá tàn án lówùúrọ̀,
tí àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú rẹ̀,
mo máa ń jókòó tì í títí yóò fi hó.

Hítà jó láàárọ̀ yìí.
Tó bá di Mọ́ńdè, n ó pe Ṣùàrá.