Kí Morótì Kọjá

Ní Ìsánlú, "Ọ̀kun o" la fi ń ṣílẹ̀kùn òwúrọ̀.
Morótì ọmọ mi kì í dáhùn.
Ìyá ọkọ mi ní n kò kọ́ ọ.
Mo kọ́ ọ, títí ahọ́n mi fi gbẹ.

Kóró kaṣú ló máa ń tò sójú àpáta,
ńlá, kékeré, ńlá, kékeré;
ṣí ẹyọ kan nípò, kí àdúgbò gbọ́ igbe.

Ẹ̀rọ ata Bàbá Tinúọlá ló lé wa lọ́jà:
ọmọ ń forí gbálẹ̀,
ojú èèyàn ń bọ́ṣọ lára mi.
Ọjọ́ kan a tún ń bọ̀,
ẹ̀rọ dákẹ́.
Ata ìyàwó olùkọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò tíì kúnná.
"Ẹ ní sùúrù," ni ọkùnrin náà wí, "kí Morótì kọjá."
Wọ́n dúró, tàwọn ti abọ́ lọ́wọ́.
Ẹnikẹ́ni ò sọ "pẹ̀lẹ́" sí mi.
Mo dúpẹ́ ìyẹn náà.

Lánàá, ìyá ọkọ mi lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta,
ó gbé kóró ńlá kan kalẹ̀,
ó dákẹ́.
Morótì ò wojú rẹ̀; ọwọ́ rẹ̀ ló wò, ó pẹ́,
ó wá gbé kékeré tì í.

"Ó kí mi," ni màmá ń sọ kiri
títí ilẹ̀ fi ṣú.