Ibi Tí Àwẹ̀ró Yóò Sùn

Oyèlékan yọ àga ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kan pákó síbẹ̀,
ó ní ilé ti dé nìyẹn.
Ilé tí kò tíì kà wá dáadáa.

A dúró sábẹ́ igi kajú kan lọ́nà Ìkòyí,
iná Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣẹ́jú lókèèrè,
àpò kajú mẹ́fà ti gba ìdajì ilẹ̀.

Níbo ni ọmọ oṣù mẹ́ta yóò sùn?
Láàárín wa? Bàbá rẹ̀ a máa yí bí àgbá.
Àga iwájú? Ó dagẹ̀rẹ̀.
Ìyá mi ní ẹ̀yìn ni ibùsùn ọmọ;
ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà fẹ́ dùbúlẹ̀.

Mo tẹ́ ìró sínú báàfù ìwẹ̀ rẹ̀,
mo fi há àárín àpò méjì,
mo ṣí fèrèsé ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, mo ta àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ó sùn. Èmi ò sùn.
Mò ń na ọwọ́ sí imú rẹ̀ nínú òkùnkùn:
èémí ń bọ̀, kékeré, ó lọ́wọ́ọ́wọ́,
bí ẹni ń fẹ́ná tí kò fẹ́ kó jó.

Lóru, ilẹ̀kùn dún.
Oyèlékan ti gbé ẹní jáde.
Mo gbọ́ tó ń bẹ igi jẹ́jẹ́
pé kó má jẹ̀ẹ́ kí èso kankan já lu òrùlé wa
títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.