Ìṣó Nínú Igi Tíìkì

Igbó kọ́ nìyí o. Má pè é nígbó.
Igbó kì í tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí pápá.
Ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni bàbá mi wọ̀n ọ́n,
okùn ọ̀rá lọ́wọ́, èèkàn lábẹ́ abíyá,
lẹ́yìn Kwálí, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ.
Ọdún tí wọ́n gbé e láti Ṣakí wá ṣọ́ oko igi ìjọba,
eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni.

Tíìkì kékeré kò yàtọ̀ sí igi ìdáná.
Wọ́n gé e lórí, wọ́n gé e nídìí,
a rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni rì èèkàn ewúrẹ́.
Mo ní, "Bàbá, òkú igi lẹ ń gbìn yìí."
Ó ní, "Fi í sílẹ̀ fójò. Òjò ló mọ èyí tó kú."
Òjò dé. Ewé yọ, ó fẹ̀ bí etí erin.
Èmi àti Làmí ọmọ Shekwogaza
fi ọ̀jẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́,
ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó pọ́n bí làálì ìyàwó,
ìyá Làmí sáré dé, ó ní ta ló gé wa lọ́wọ́.

Ìyá Làmí, tó ń ru igi sí èjìká
nítorí Gbàgyí kì í di ẹrù lé orí
(orí lọba, wọn kì í fọba ṣe alábàárù),
òun ló kọ́kọ́ bi bàbá mi:
"Olùṣọ́, igi yìí, èso rẹ̀ ńkọ́?"
Kò léso jíjẹ.
"Ewúrẹ́ ńkọ́?"
Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́.
"Ilẹ̀ iṣu wa mà nìyẹn."
Bàbá mi wo bàtà rẹ̀.
Owó oṣù nìjọba fún un, wọn kò fún un lésì.

Lọ́dọọdún lọyẹ́ ń mú iná bọ̀.
Á ro ọ̀nà iná, á gbá ewé gbígbẹ,
ewé tíìkì á máa han lábẹ́ ẹsẹ̀ bí páànù ògbólógbòó.
Ó tẹ́ agolo mílíìkì pẹrẹsẹ, ó fi ẹnu ìṣó họ nọ́ḿbà sí i,
ó ń kàn án mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan:
ení, èjì, títí dé mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ìṣó tán níbẹ̀.
Kí wọ́n tó fi òmíràn ránṣẹ́
a ti gbé e padà sí Ṣakí, ní ìdùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Èmi ni mo dé lónìí, pẹ̀lú téèpù àti ọ̀dà pupa.
Iṣẹ́ mi ni kí n gbá igi mọ́ra,
kí n ka sẹ̀ntímítà, kí n sàmì sí èyí tí yóò wó;
bí ẹni dì mọ́ ìbátan rẹ̀
tó sì ń wọ̀n ọ́n fún pósí.
Kọ̀nténà wà lójú títì. Oníbàárà ní ká yára.

Gimba tan ẹ̀rọ ayùn.
Igi wó. Igi wó. Ọ̀run fẹ̀ sí i.
Ó kan ọ̀kan, ayùn han gooro, iná ṣẹ́ yọ,
eyín ayùn mẹ́ta fò sínú koríko.
A la igi: ìṣó ló wà níbẹ̀,
pẹ̀lú ègé agolo tí igi ti gbé mì.
Nọ́ḿbà méje ló kù lára rẹ̀.
Mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́,
ọwọ́ tó máa ń fa ìlà dábùú ọrùn méje.

Oníbàárà ní gẹdú tó nírin nínú kò lówó lórí.
Gimba ní ta ni yóò san owó ṣéènì òun.
Èmi ni mo san án, n kò ná an.
Ìṣó wà lápò mi, ó ti wọ́, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Làmí dúró létí oko, ẹ̀ka tíìkì léjìká,
irun rẹ̀ ti ń funfun bíi tèmi.
"Ẹ ti gé e tán.
Ṣé ẹ máa dá ilẹ̀ iṣu padà?"
Lára kùkùté ìlà kìíní, èyí tí a gé lóṣù tó kọjá,
ọ̀jẹ̀lẹ̀ ti ń yọ.
Mo wo bàtà mi.
Ìyẹ̀fun igi ti bò ó.