Ẹ Máa Wo Kálámù Mi

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ké "Kóòòtù!" ní Iléṣà.
Ohùn mi ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé
kí aṣọ dúdú rẹ̀ tó tẹ̀lé e.
Gbogbo yàrá á dìde, àga á máa ha sìmẹ́ńtì,
Onídàájọ́ Ìbíwùmí Ọwádokun á jókòó,
á ṣí ìwé ńlá, á yọ ìdérí kálámù,
á wá sọ fún ẹlẹ́rìí tí ẹnu rẹ̀ ń sáré
bí àgbàrá òjò ní Ẹrẹ́jà:
"Díẹ̀díẹ̀, bàbá. Ẹ máa wo kálámù mi.
Bí ó bá dúró, ẹ máa sọ.
Bí ó bá ń rìn, ẹ dúró dè é."

Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀.
Ó ta aṣọ láwìn dé Ondó, dé ibi tí a kò mọ orúkọ rẹ̀,
ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè láti ìdájí
títí ẹsẹ̀ fi kú, títí owó fi jáde.
Owó òṣòó yẹn ni ó ra ìwé òfin.
Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ kan tí iná lọ,
tí a jọ ń dúró de jẹnẹrétọ̀:
"Bàbá mi lóṣòó kí n lè jókòó."
Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti ṣe májísíréètì ní Ìlá, ní Ìkìrun,
kí wọ́n tó gbé e padà wálé
wá bá ẹjọ́ oko kòkó àwọn Ògúnlùsì,
tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọdún mọ́kànlá,
lọ́yà mẹ́fà, máàpù mẹ́ta tí kò bára mu.
Ó ká máàpù kúrò lórí tábìlì. Ó ní kí a lọ wò ó.
Òjò ti ba ọ̀nà Ìbòdì jẹ́; ó bọ́ bàtà,
ó rin ẹrẹ̀ dé ìdí pẹ̀rẹ̀gún mẹ́rin tí bàbá wọn gbìn,
ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tí ń ka orí ọmọ tí ó ti iléèwé dé.
"Ta ló fa ìkarùn-ún tu?"
Ihò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, omi kún un.
Lọ́yà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dákẹ́.
Nígbà tí ó máa fi ka ìdájọ́, ẹ̀gbọ́n ti kú.
Àbúrò jàre. Ó dorí kodò, ó ń sunkún,
ó ní ta ni òun ó wá fi oko náà hàn.

Wọ́n ní ó le. Òótọ́ ni.
Àpò iṣu kan tí wọ́n gbé sí ẹnu géètì rẹ̀ lóru,
ó ní kí n gbé e wá sí kóòtù,
ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn bí ohun ẹ̀rí.
Iṣu hù níbẹ̀, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.
Kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó dájọ́ ikú fún Gbádébọ̀,
bíríkìlà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
tí ó fi ṣọ́bìrì lu ọ̀gá rẹ̀ pa ní Ìjọ̀ka
nítorí owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.
Yíǹkì dà sí i lọ́wọ́, kò nù ún.
Ó jókòó ní ọ̀fíìsì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tan iná.
N kò lè lọ sílé.
Mo lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, sí ilé rẹ̀ ní Ìmọ̀,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.
Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká, kò ṣeé nà mọ́.
Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ló ká wọn.
Tí mo bá lọ kí i, á bi mí, kò ní wo ojú mi:
"Gbádébọ̀ ńkọ́?"
Mo máa ń ní fáìlì rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, Mà.
Lẹ́tà ti dé láti oṣù Ẹrẹ́nà.
Èmi ni mo fọwọ́ sí i, tí mo gbà á.

Lánàá, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.
Ó ní: "Sọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀."
Mo wo ọwọ́ rẹ̀.
Kò sí kálámù níbẹ̀.