Níbo Ni Afẹ́fẹ́ Ti Ń Fẹ́?

Yàrá mi ní Seoul kò ní fèrèsé.
Èyí tó ní fèrèsé fi owó ju tèmi lọ;
mo ka owó ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ká a padà sápò.
Bí mo bá dùbúlẹ̀, orí mi kan ògiri,
bí mo bá na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀kùn,
èmi tí mo dàgbà níbi tí a ti ń rí ẹlẹ́ṣin lókèèrè,
a ó se tíì, tíì á tutù,
a ó tún un gbé kaná
kí ẹlẹ́ṣin náà tó yọ sí ẹnu àgọ́.

Ní ọ́fíìsì àwọn àlejò, fọ́ọ̀mù bèèrè orúkọ ìdílé.
Lọ́dọ̀ wa ní Mòǹgólíà, a kì í jẹ́ orúkọ ìdílé bí tiwọn,
orúkọ bàbá ẹni là ń gbé ṣíwájú tẹni.
Mo kọ Luvsan síbẹ̀.
Káàdì jáde, Luvsan ni.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ma gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀:
“Luvsan?”
Ọdún kẹrin rèé tí bàbá mi ti kú,
lẹ́yìn òtútù tó pa gbogbo ewúrẹ́ wa.
Kíláàsì kẹrin ló ti fi ìwé sílẹ̀.
Mo ní, “Mo wà níbí, sà.”
Láti oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ń bá a dáhùn.

Wọ́n ní ojú àlejò là kalẹ̀, kò fi ríran.
Mo rí báàgì funfun, mo rí báàgì aláwọ̀ ìyeyè,
n kò mọ̀ pé lójú ìlú yìí, èèpo ọsàn oúnjẹ ni,
èèpo ẹyin kì í ṣe oúnjẹ,
egungun adìẹ kò sì bá oúnjẹ tan rárá.
Ìyá Pyo tó ni ilé gbé báàgì mi padà sẹ́nu ọ̀nà mi,
ó lẹ ìwé pupa mọ́ ọn.
Mo ní kí fóònù túmọ̀ ìwé náà.
Fóònù ní, “Ìdọ̀tí rẹ ń ronú nípa ara rẹ̀.”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi,
lẹ́yìn náà, omi náà ò dá mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi ń pè.
Kì í bi mí bóyá mo jẹun.
Ohun tí àwa darandaran ń bi ara wa ló ń bi mí:
“Níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín?”
Èmi tí n kò ní fèrèsé!
Mo ní, “Ìlà-oòrùn ni.”
Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní, “Gúúsù.”
Ẹ̀rọ tó ń kùn lókè orí mi ló ń fẹ́.

Ó di oṣù Igbe.
Nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, fóònù gbogbo èrò ké lẹ́ẹ̀kan náà:
eruku ń bọ̀, ẹ bo imú, ẹ ti fèrèsé.
Oòrùn dà bí ẹyin tí wọ́n sè sínú omi ẹlẹ́rẹ̀.
Lórí òrùlé, Ìyá Pyo ń já aṣọ kúrò lórí okùn, ó ń ṣépè.
Ó fi ìka nu ìdérí ìkòkò kímíṣì rẹ̀,
ó na ìka náà sí mi lójú:
“Wò ó! Níbo nirú èyí ti ń wá?”

Mo wò ó.
Mo mọ̀ ọ́n.
Òun ló máa ń wà ní ìpéǹpéjú bàbá mi
tó bá ti ẹ̀yìn ẹran dé.
Èdè wọn ò tíì gbó lẹ́nu mi.
Ohun tó jáde ni, “Ẹ má bínú, ti ilé wa ni.”
Ó wò mí, ó wo ìka rẹ̀,
ló bá bú sẹ́rìn-ín,
ó gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́:
“Ó yá, wá gbá a!”
A jọ gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi pè.
Kó tó lanu, mo ní, “Ọ̀dọ̀ yín ló ti ń fẹ́ wá.”
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, “Ó gbé òrùlé àgọ́ Dolgor lọ lánàá.
Bo imú rẹ.”