Aṣọ Sísá

Mo tẹ́ àwòrán erékùṣù náà sórí tábìlì,
mo fi ìka ka etíkun: méjìlá.
Eduvigis, onílé wa ní Fuerteventura,
kò tilẹ̀ wo ìwé náà.
Ó ní, "Ẹ jáde wá wo aṣọ tí mo sá."

Apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ nà gbọnrangandan sí gúúsù
bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò.
"Bó bá nà báyìí, ẹ má dé Cofete.
Ìgbì ibẹ̀ kì í bá ènìyàn ṣeré,
iyanrìn á sì máa jẹ yín lójúgun bí ìjàlọ.
Bó bá so rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ lọ síbi tó wù yín.
Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà, n kò tíì rí i kó so rọ̀."

Yeray, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń fi búrẹ́dì nu àwo,
ní oòrùn ibí mọ ẹ̀tàn:
afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ọ, ara á tù ọ́,
àṣé ó ti ń yan ọ́ bí ẹja.

A bá gba El Cotillo lọ,
níbi tí wọ́n ti fi òkúta dúdú mọ ògiri róbótó
tí kò ga ju orúnkún lọ.
A wọlé, a jókòó.
Afẹ́fẹ́ gba orí wa kọjá.
Ìyàwó mi ṣí ìwé rẹ̀, ewé kan ò mì.
Ta ló to òkúta wọ̀nyí? A ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí à ń lọ, ọ̀kan ti jábọ́.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e padà,
ó ṣì gbóná,
ibẹ̀ ni fìlà mi ti ṣí,
ó kọrí sí Cofete,
kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.