Ìbéèrè Kọkànlá

Jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó,
yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
wọ́n kun ògiri rẹ̀ láwọ̀ ewé dé ìdajì, ọ̀dà tán.
Tábìlì tí wọ́n fún mi kúrú
débi pé orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi.
Mo ní fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́ta,
bírò méjì, àwòrán méjìlá nínú àpò.

Tàwákàlítù. Ọdún mẹ́rin ó lé oṣù méjì.
Tíṣà ti yọ́ ọ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà:
"Ẹ má dààmú ara yín lórí ìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀."

Ìkíní: bí a bá pè é, ṣé ó ń dáhùn?
Mo pè é. Ó ń wò mí.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: rárá.
Ìkẹta: ṣé ó lè bèèrè omi bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́?
Mo gbé ife síwájú rẹ̀, mo tẹjú mọ́ ìwé.
Omi ò dínkù. Rárá.
Ìkarùn-ún: kí ló ṣe lánàá, ta ni wọ́n jọ ṣe é?
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ló dá mi lóhùn.
Bírò mi ń sáré,
bí ẹni ń ṣírò gbèsè.

Mo na àwòrán ọmọ tó ń sunkún sí i,
ojú mi ò kúrò níbi tí mo fẹ́ máàkì.
Mo gbọ́ tí àga ha ilẹ̀.
Ó yí tábìlì po, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ìkejì nínú ìbọ̀sẹ̀ lásán,
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́,
àtẹ́lẹwọ́ tó ń rùn ẹ̀pà,
ó yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ nílé tí wọ́n ti sùn.
Ó dúró títí a fi rí ara wa.
Ìgbà náà ló tó lanu:

"Wọn ò nà án o.
Ìyá rẹ̀ lọ mú kọ́kọ́rọ́ ni.
Ó máa padà wá.
Ọmọ yẹn ni ò mọ̀."

Mo ń wá ibi tí màá kọ ìyẹn sí.

Aago méjì, ìyá àgbà dé,
Ìyá Sìnótù, ìborùn funfun, agbòjò tó ti kán légungun kan.
Tíṣà kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò wẹ̀yìn.
Ọmọ náà sáré, màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
àtẹ́lẹwọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú yí,
ètè kékeré wá ń ṣí, ó ń pa dé,
níwájú ojú tó ń kà á bí ìwé.
Omi. Àná. Ta ni. Kí ló dé.
Gbogbo fọ́ọ̀mù mi pátá, lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó dé gọ́tà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìyá tèmi náà a máa wí i,
mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Lálẹ́ mo ṣí ìwé náà. Mo ti fo ìbéèrè kọkànlá:
ṣé ó ń wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀?
Wọn ò sọ ẹni tí wọ́n ń bi.
Mo kọ rárá,
mo kọ orúkọ ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwòrán ọmọ yẹn ṣì wà nínú àpò mi.
Ìyá rẹ̀ ò tíì dé.